Wáyà Tí Bàbá Àgbà Fi Òrí Pa

Agbolé Lájídé,
Kàbbà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1958.

Ọmọ́yẹlé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú àárò wa tó ń sọ ọ́, bí ó bá ń sọ ọ́. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé orí fífọ́ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà ọyẹ́ ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ yín ní Ìlọrin kò tíì sọ ọ́ di egungun. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí bí mo bá ti pẹ́ lábẹ́ lọ́ọ̀rì àwọn èèyàn. Martha, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ń kí ọ. Ó ní kí o má fi owó bùrẹ́dì ra rìbọ́nnì. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń pariwo bí ẹni pé wọn ò rí òjò rí.

Ìròyìn tí mo ní kò dára. Bàbá àgbà rẹ kò le mọ́. Láti ìgbà tí ọdún ti yí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, nígbà tó sì di oṣù kejì, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, dísípẹ́nsà wa, wá wò ó, ó ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, kò sí egbòogi tí wọ́n ń lò fún ọkàn tó ti rẹ̀. Láràárọ̀ ni Bàbá ń béèrè bóyá lẹ́tà rẹ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ dájú pé o kò fi orúkọ òun sínú lẹ́tà kankan láti ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fi àìsàn fà ọ́ wálé ni mo ṣe mú kálàmù o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti jókòó lé mi láyà débi pé mi ò lè gbé e mọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Kérésìmesì tó kọjá. Bàbá ti fi itan ọ̀yà kan sórí àjà láti oṣù kọkànlá, ó ń yan án díẹ̀díẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí o wọlé, o kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, o kí àwọn ọmọ aládùúgbò pàápàá, o sì gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó gba iwájú ìkòkò kọjá. Ó na ẹran náà sí ọ. O ní, "Mi ò ní gba nǹkan lọ́wọ́ tó pa ìyá mi." Gbogbo ilé gbọ́. Èmi náà gbọ́, èmi tí mo jókòó sórí àga mi pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo bá ọ wí, òótọ́ ni, mo ní a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé ohun tí o sọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ohun tí Martha rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ló sọ fún ọ, Martha kì í sì í purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó rí kò pé. Ẹni méjì péré ló mọ ìyókù rẹ̀ láyé yìí. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá kejì bí mo ti ń kọ̀wé yìí, èkejì ló ń kọ ọ́.

O ó rántí Olówùú, òyìnbó gíga tó ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Iyamoye àti Mopa. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, ti ara rẹ̀, ẹlẹ́ni mẹ́rin, tó ń gbéra láti pápá tí wọ́n ro lẹ́yìn ìlú. Èmi ni mekáníìkì ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà ní Kàdúná ni mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà ogun Hítílà, mo sì mọ ẹ̀rọ débi pé mo lè dijú kí n fetí sí i, kí n sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ojú mi ga nígbà náà, Ọmọ́yẹlé. Bí ẹnìkan bá pè mí ní Hezekiah láìfi Ẹ̀ńjíníà ṣáájú, etí mi a di. Ìyá rẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá fẹ́ kí n wá jẹun, àfi kí òun kọ̀wé sí mi, kí òun sì lẹ sítáǹbù mọ́ ọn.

Èmi náà ni mo bá Bàbá wá iṣẹ́ ọlọ́dẹ sí pápá yẹn. Ọdẹ igbó ni tẹ́lẹ̀, kí eékún tó mú un kúrò nínú igbó. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju ẹni tó ni ín lọ. Láàárọ̀ á fi ìgbálẹ̀ gbá ìrì kúrò lára ìyẹ́ rẹ̀, á lé ewúrẹ́ kúrò lójú pápá, á sì kí i: "Okun o, ẹyẹ. Ṣé o sùn dáadáa?" Igbá òrí kan kì í jìnnà sí i. Ìwọ náà mọ bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń ṣe ìbọn wọn nígbà òjò: wọ́n á tú irin rẹ̀, wọ́n á fi òrí sí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́, wọ́n á sì tún un dè. Bàbá kò mọ irin kankan láyé yìí tí kò yẹ kó jẹ òrí. Àdá, ọkọ́, ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló ń fi pa. Ó tilẹ̀ fi pa ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ nígbà kan, aṣọ funfun Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà sì ti ibẹ̀ jáde bí aṣọ elépo. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1954 ni òjò rọ̀ tí omi gbé afárá lọ, tí ọ̀nà sì gé. Ní Ọjọ́rú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá rẹ. A rò pé oúnjẹ ni. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà tẹ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, ó sì pè mí bọ́ síta. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, èyí kì í ṣe ohun tí oògùn ń wò. Ọ̀bẹ dókítà ló ń fẹ́. Bó bá bẹ́ sínú kí ẹ tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára èèyàn." Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ jìnnà, lọ́ọ̀rì kò sì lè kọjá odò. Mo sáré lọ bá Olówùú. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kó tó wọ bàtà.

Kí o lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí o mọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì. Ṣùgbọ́n wáyálẹ́ẹ̀sì rẹ̀, àti ago tó ń sọ fún awakọ̀ bóyá ìyẹ́ òun dọ́gba nígbà tí kò rí ilẹ̀ mọ́, inú bátìrì ni wọ́n ti ń jẹun. Dáínámò ló ń bọ́ bátìrì náà bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí. Bí dáínámò kò bá bọ́ ọ, ebi á pa bátìrì kú, awakọ̀ á sì di afọ́jú nínú ìkùukùu. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Olówùú ti sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ mítà tó ń fi oúnjẹ bátìrì hàn kò dúró síbi tó yẹ. Mo ní màá wò ó bó bá di ọjọ́ Ẹtì. Mo ní iṣẹ́ púpọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a gbé ìyá rẹ dé pápá ní Ọjọ́bọ̀, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. A gba bátìrì lọ́ọ̀rì kan rọ́pò rẹ̀, mo fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. A ti yọ àga ẹ̀yìn kan kí ìyá rẹ lè nà gbalaja, mo sì jókòó tì í. A gbéra. Ogún ìṣẹ́jú kò pé tí wáyálẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú, tó sì dákẹ́. Abẹ́rẹ́ mítà ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tó ń fi ebi hàn. Níwájú wa, ìkùukùu ti bo gbogbo òkè pátá. Olówùú wo ẹ̀yìn, ó wo ìyá rẹ, ó tún wo iwájú. Ó ní, "Hezekiah, bí mo bá wọ inú èyí láìsí ago, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa kú." Ó sì yí orí ọkọ̀ padà.

Ìyá rẹ kò mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń balẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé a ti dé?" Mo ní, "A ti dé." Ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó gbọ́ ohùn Martha ló tó mọ̀ pé Kàbbà la padà sí. Ó kàn yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo sì wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ, kí o lè rí i pé mi ò sùn. Mo kọ́kọ́ wo bátìrì ọkọ̀ náà gan-an. A so ó mọ́ lọ́ọ̀rì títí ó fi yó, ó sì mú oúnjẹ dúró, nítorí náà kì í ṣe òun ló ń ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí dáínámò kò lè gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo tú dáínámò sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, èédú kéékèèké tó ń gba iná lára irin tó ń yí, gùn dáadáa, ibi tí wọ́n ń ha sì mọ́. Mo dè é padà. Mo ṣí àpótí kékeré tó ń díwọ̀n iná fún bátìrì, mo fi bébà líle ha ẹnu àwọn irin inú rẹ̀ títí wọ́n fi ń dán. Mo fi ìka tọ wáyà láti dáínámò dé inú àpótí, láti inú àpótí dé ara bátìrì, kò sí ibi tó gé. Bí mo bá ti ṣe ọ̀kan tán, a ó yí ẹ́ńjìnnì, Olówùú á tẹjú mọ́ mítà, á sì mi orí. Abẹ́rẹ́ náà kò mira. Ibi kan ṣoṣo ni mi ò tú. Wáyà kan wà tí àwa mekáníìkì ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tó so dáínámò mọ́ ara ọkọ̀ kí iná lè rí ọ̀nà padà sílé. Mo rí ìdí rẹ̀, mo rí nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ń dán yanran. Mo rò pé ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ kò lè ní àrùn. Mo fojú fò ó.

Bí ojú ọ̀run bá ti là lọ́jọ́ Ẹtì, a ìbá fò bẹ́ẹ̀ láìsí wáyálẹ́ẹ̀sì. Kò là. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún Olówùú pé dáínámò ti jóná nínú, pé àfi ká gba òmíràn láti Kàdúná. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, òun náà sì gbà, nítorí èmi ni ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó fi tẹlẹgíráàmù ránṣẹ́. Ìdáhùn tó dé ni pé kò lè tẹ̀ wá lọ́wọ́ kó tó di Ọjọ́ Ajé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ kò kérora mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n gbé e wá sábẹ́ àtíbàbà ọkọ̀, torí Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà ní bí ojú ọ̀run bá là fún ìṣẹ́jú kan, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e bọ̀ láti ilé. Martha ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Àwọn aládùúgbò kún ibẹ̀. Èmi jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, mo ń sunkún. Bàbá ti dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́ tó ń wo ọwọ́ mi. Ó súnmọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń ro ó, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Hezekiah, ọma mi, ibi tí a fi òrí pa ńkọ́? Ṣé o ti wò ó?"

Mo ní, "Ibo?" Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìdí wáyà ẹ́ẹ̀tì náà.

Mi ò nílò sípánà. Ìka ni mo fi tú nọ́ọ̀tì náà, nítorí ìka ni Bàbá fi dè é. Ó ti tú u bí ẹni tú irin ìbọn, ó ti di òrí sábẹ́ rẹ̀ nípọn-nípọn, eruku pápá sì ti pò mọ́ ọn títí ó fi dúdú bí àdín. Irin kò fara kan irin mọ́ níbẹ̀. Òrí dára fún ìbọn, ìbọn kì í lo iná, ṣùgbọ́n iná kì í la òrí kọjá. Mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo fi bébà líle ha á, mo wá fi sípánà dè é le. A yí ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ mítà dìde bí ẹni tó jí lójú oorun, ó lọ síbi tó yẹ kó lọ, ó sì dúró. Iṣẹ́ náà kò gbà mí tó ìgbà tí obìnrin fi ń se ẹ̀kọ. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi wá a.

Ibẹ̀ ni Martha ti figbe ta: "Òrí! Ẹ lọ fi òrí pa ẹ̀rọ òyìnbó! Bàbá, ẹ ti pa àbúrò mi!" Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Olówùú béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni wọ́n ń sọ, ta ló fọwọ́ kan wáyà òun? Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti ṣí fìlà. Ó ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi pa á." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibi tí Martha bá ọ sọ ọ́ dé nìyẹn.

Ọmọ́yẹlé, èmi ni mo ní kó fi pa á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, èmi àti Olówùú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń yìn mí. Ó ń sọ pé kò sí mekáníìkì bíi tèmi láti Lọ́kọ́ja títí dé Ìlọrin, inú mi sì ń dùn. Bàbá wá dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú igbá òrí rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ oko rẹ̀ tó ti ya léjìká. Ó ní, "Hezekiah, ìpẹtà ti fẹ́ mú ìdí àwọn wáyà yìí. Ṣé a lè fi òrí pa wọ́n, àbí èèwọ̀ wọn ni?" O gbọ́ ohun tó sọ? Ó béèrè. Òun, ọdẹ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Ojú tì mí pé ó ń sọ̀rọ̀ òrí níwájú òyìnbó. Mi ò yíjú wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ fi pa á, Bàbá. Ẹ fi pa gbogbo rẹ̀," bí ẹni fẹ́ lé adìẹ lọ. Mo sì ń bá ìyìn mi lọ.

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mi ò sì rántí rẹ̀ títí ó fi na ọ̀pá sí wáyà náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó lè sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ó lè ní, "Ẹ bi ọmọ mi, òun ló ní kí n ṣe é." Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó tó ṣí fìlà. Mo mọ ohun tó wà nínú ìwò náà. Mo sì jẹ́ kó gbé e fún mi.

Ìkùukùu bo pápá gan-an títí di ọ̀sán tí ojú ọ̀run là díẹ̀, a sì tún gbéra. Abẹ́rẹ́ mítà kò yẹsẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Wáyálẹ́ẹ̀sì ń sọ̀rọ̀ ketekete. Mo gbé orí ìyá rẹ sórí itan mi, mo gbé e sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ lójú. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ebè. Ó ní, "Ṣé oko wa nìyẹn?" A ti kọjá oko wa tipẹ́, ṣùgbọ́n mo ní, "Òun ni." Ó ní, "Wọ́n mà ti ro ó mọ́ o." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo rò pé ó sùn. Nígbà tí a balẹ̀, dókítà sáré pàdé wa, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà lé mi léjìká. Rachel ìyàwó mi ti kú lójú ọ̀run, kò sì sí ohun kan tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ́.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń ru ẹrù mi. Wọ́n gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Olóòrí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sọ nǹkan, àmọ́ bó bá ti dé àárín wọn, ọ̀rọ̀ a tán. Ó gbé igbá òrí rẹ̀ sọ nù. Kò fi pa ara rẹ̀ pàápàá mọ́ nígbà ọyẹ́, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa là, a máa ṣẹ̀jẹ̀, èmi a sì máa rí i. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní bí mo bá sọ òótọ́, Olówùú yóò lé mi. Nígbà tó di ọdún kejì, Olówùú ta ọkọ̀ náà, ó sì padà sí ìlú rẹ̀, mi ò ní ẹni tí mo ń bẹ̀rù mọ́. Mo wá rí i pé ìwọ ni mo ń bẹ̀rù. O ti sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé, "Bàbá, ẹ̀yin gbìyànjú," mi ò sì fẹ́ kí o gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kì í ṣe irọ́ tí a fẹnu pa. Dídákẹ́ ni mo dákẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ ju irọ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ní kí ẹ fi òrí pa á." Ó ní, "Mo rò pé o ti gbàgbé ni. Ó ti ń dùn mọ́ mi nínú pé o gbàgbé." Mo ní màá kọ̀wé sí ọ, màá sọ gbogbo rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú pẹ̀lú agbára tí mi ò mọ̀ pé ó ṣẹ́kù sí i lára. Ó ní, "Má kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ti lọ. Èmi náà ń lọ. Ìwọ nìkan ló kù fún un. Jẹ́ kó máa bínú sí mi. Ìbínú sí òkú kì í tú ilé ká. Bó bá bínú sí ọ, ta ni yóò wá fi ṣe bàbá?" Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí.

Mo ti ba ìlérí náà jẹ́ báyìí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gba ohun tó fún mi, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé tèmi ni. Mi ò lè jẹ́ kó fi èyí náà kú fún mi. Bí o bá ní ìbínú, èmi ni kí o bínú sí. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí nínú lẹ́tà yìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí o wá kí i nígbà tó ṣì ń gbọ́ ohùn èèyàn.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ ní ìrìn àti ní ìjókòó. Kí ó jẹ́ kí o fi ayọ̀ gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Kí àwọn ọmọ tí o máa kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Kí o má ṣe rí ọjọ́ tí ìyìn èèyàn yóò di ọ́ létí sí ẹni tó bí ọ. Kí ìyá rẹ sinmi. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó ṣì ń pè ọ́ ní ọmọ,

Hezekiah Lájídé.

Àfikún: Lọ́ọ̀rì Ìlọrin máa ń dé ibí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Mo ti fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín àgbà pé kí wọ́n fún ọ láàyè. Mo ti ka lẹ́tà yìí fún Martha kí n tó lẹ̀ ẹ́, kó má baà jẹ́ pé ìwọ ni wàá sọ fún un. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, ṣùgbọ́n òun ló bu omi gbígbóná fún Bàbá wẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bí o bá ń bọ̀, o kò ní bá mi nílé. Mo ti kó ẹní mi lọ sí àhéré ní oko, kí o lè wọlé tọ̀ ọ́ lọ láìwo ojú mi. Bí o bá fẹ́ kí n wá, rán ẹnìkan sí mi. Bí o kò bá rán ẹnikẹ́ni, màá gbọ́ ìyẹn náà.